Ìtàn Orin ‘Jà Fún Mi’

Ìbéèrè ọmọdé ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ìnáwó ní Àgbádárìgì. Etí ọ̀sà ni wọ́n ta àtíbàbà sí. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti ojú omi, àwọn Ègùn, àwọn Àwórì àti àwa tí a ti ibòmíràn wá sì jókòó pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ọmọ-ọmọ mi kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, jókòó tì mí. Àwọn olórin ti dé, ṣùgbọ́n onígángan wọn kò tíì dé. Ọkọ̀ rẹ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ọ̀nà Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ dùùrù oníná kò dúró dè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin kan tí gbogbo ìlú mọ̀, orin Jà Fún Mi ti King Sunny Adé. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni gbogbo èrò ti mọ ohun tó ń tẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n ń mi èjìká. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú wa kò mira. Ó kàn ń wo ojú omi, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

Kò pẹ́ ni onígángan sáré wọlé, tí òógùn bò ó. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ki ìlù bọ abíyá, ó gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, ó sì lù ú lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ìyá àgbà yẹn gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan àtàrí rẹ̀, ó dìde, ó sì jó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ-ọmọ mi wò mí lójú. Ó ní, “Bàbá àgbà, ṣebí orin kan náà ni wọ́n ń kọ? Kí ló dé tí màmá yẹn kò fi jó nígbà tí dùùrù nìkan ń kọ ọ́?”

Mo dá a lóhùn pé dùùrù kọrin, ṣùgbọ́n ìlù sọ̀rọ̀. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ́ èmi pàápàá lọ́rùn. Nítorí náà ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín, kí a lè jọ tú u wò láti ìdí dé orí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ orin náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: jà, fún, mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní dò, re, mí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni jà wà; ohùn òkè ni fún wà; ohùn àárín ni mi wà. Dò, mí, re. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta yìí lo gbogbo ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ní, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ pa ẹnu yín dé, kí ẹ sì fi imú kùn ún: dò, mí, re. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ yín yóò mọ ohun tí ẹ ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò la ẹnu. Wàyí o, ẹ gbé ohùn àkọ́kọ́ sókè. Kì í ṣe jà mọ́, ó ti di já, bí ìgbà tí a bá ní okùn já. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbèjà òun ti di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ okùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni igba tí í ṣe ọgọ́rùn-ún méjì, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ń lọ tí ń bọ̀, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Létí àlejò, ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Létí wa, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tí ìlù gángan mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Igi tí a gbẹ́ ni gángan, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tí àárín rẹ̀ sì há. Awọ bo ẹnu méjèèjì, ọsán sì so awọ ọ̀hún mọ́ awọ ìhín yí ìlù ká. Nígbà tí onílù bá fi apá fún ọsán wọ̀nyí mọ́ra, awọ á le. Awọ tó le a máa gbọ̀n kíákíá bí kọ̀ǹgọ́ bá kàn án, ohun tó bá sì ń gbọ̀n kíákíá ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Bí onílù bá dẹ apá, awọ á dẹ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá fẹ́, ó lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsí ìdádúró rárá, gẹ́gẹ́ bí ahọ́n wa ti ń ṣe nígbà tí a bá ń fa ọ̀rọ̀. Apá onílù ni ọ̀nà ọ̀fun ìlù.

Dùùrù oníná, èyí tí àwọn olórin ń pè ní síntẹ́sáísà, yàtọ̀. Kò ní awọ, kò ní okùn, kò ní fèrè. Iná mànàmáná ni ohùn rẹ̀ ti wá. Nínú rẹ̀ ni iná ti ń lọ tí ó sì ń padà bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná náà á gba okùn wáyà lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ti atẹ́gùn síwá sẹ́yìn, atẹ́gùn á sì kan etí wa. Bí iná bá lọ tó bọ̀ ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn tí àwọn olórin fi ń ṣe ìdíwọ̀n ohun-èlò wọn ni a ó gbọ́. Bí ó bá di ìgbà 880, ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gun òkè sí i. Ará Amẹ́ríkà kan, Robert Moog, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ yìí jùlọ. Ní 1964 ni ó gbé àkọ́kọ́ irú tirẹ̀ jáde. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè mú kí ó dún bí fèrè, bí agogo, bí atẹ́gùn inú igbó, tàbí bí ohun tí etí ènìyàn kò gbọ́ rí.

Iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀rọ yìí, ẹ má sì ṣì mí gbọ́. N kò wí pé kò dára. Ṣùgbọ́n bí àtẹ̀gùn ni eyín dùùrù rí: ẹsẹ̀ rẹ wà lórí ọ̀kan tàbí kí ó wà lórí èkejì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ síntẹ́sáísà ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi lè tẹ ohùn kọ, ọlọ́gbọ́n atẹdùùrù sì lè fi ṣe àrà. Síbẹ̀, ọwọ́ tí ń darí kẹ̀kẹ́ náà ni yóò gbọ́ Yorùbá, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ jà sí já.

Àwọn tí wọ́n wà lẹ́bàá òkun ní Àgbádárìgì ti mọ wàhálà yìí kí iná mànàmáná tó dé. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ìhìnrere. Nígbà tí ìjọ wá gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n túmọ̀ orin òyìnbó sí èdè wa, ṣùgbọ́n ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ní kí a sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni orin ti ń gòkè. Àwọn ènìyàn á máa kọ ọ́ tọkàntọkàn, ìtumọ̀ rẹ̀ á sì ti wọ́. Ó pẹ́ kí àwọn olórin wa tó dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, tó sì tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín dùùrù àti èdè wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Wàyí o, ta ni orin Jà Fún Mi ń bẹ̀? Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́lá, kì í ṣe ọlọ́pàá. Orí ni. Olórin náà ń ké sí orí ara rẹ̀ pé kí ó dìde, kí ó gbèjà òun.

Àwọn baba wa gbà pé kí a tó wá sí ayé, olúkúlùkù kúnlẹ̀, ó sì yan orí tí yóò gbé wá. Èyí ni wọ́n ń pè ní àkúnlẹ̀yàn. Orí òde ni èyí tí a ń fá tí a sì ń dì. Orí inú ni èyí tí ń darí ẹni. Wọ́n a máa wí pé, “Orí là bá bọ, à bá fi òrìṣà sílẹ̀.” Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé olùrànlọ́wọ́ lè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó súnmọ́ ọ jù ni orí rẹ. Títí di òní, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí tí wọn kò bọ ohunkóhun ṣì ń kígbe “Orí mi o!” nígbà tí ewu bá yẹ̀ lórí wọn. Ẹ wo òde àríyá wa pẹ̀lú. Nígbà tí a bá ń ná owó fún olórin tàbí fún ẹni tí ń jó, níbo ni a ń lẹ owó náà mọ́? Iwájú orí ni.

Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà yẹn fi ọwọ́ kan àtàrí rẹ̀ kí ó tó dìde. Ìlù ti pe ohun kan lórúkọ fún un.

Ẹni tó gbé orin náà jáde, Sunday Adéníyì Adégẹyè ni orúkọ rẹ̀. Òṣogbo ni a ti bí i, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, ṣùgbọ́n ìdílé ọba ní Oǹdó ni ó ti jáde. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ayé ìgbà náà. Ọmọ ọba ni à ń lu ìlù fún. Ọmọ ọba kì í ru ìlù kiri. Àwọn òbí tó ti fi ojú sí pé ọmọ wọn yóò di alákọ̀wé kì í gbọ́ pé ó fẹ́ ṣe olórin kí inú wọn dùn. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó wá sí Èkó, ó sì wọ ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá nígbà tó di aláwàdà. Kí ọdún 1967 tó parí, Sunny Adé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Green Spots ni ó kọ́kọ́ pè é. Lẹ́yìn náà ni ó di African Beats. Ní 1968, orin rẹ̀ kan lórí bọ́ọ̀lù, Challenge Cup, gba ìgboro. Ẹni tó bá fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá ọ̀nà jẹ, a jẹ́ pé orí tirẹ̀ ni ó gbójú lé ní tòótọ́.

Orin jùjú tí ó ń kọ kì í ṣe ohun tó wá láti ìdí igi kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú ohun-èlò rẹ̀ ló gba ojú òkun dé. Àwọn atukọ̀ Kúrù, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó rìn ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wà lára àwọn tó mú ọgbọ́n títa gìtá káàkiri. Ní Èkó, láàárín 1930 sí 1939, Túndé King gbé orin jùjú dìde. Ní nǹkan bí 1948 ni gángan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè so gìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnga. I. K. Dáíró mú ohun-èlò alátẹ̀fà tí a ń pè ní akọ́díọ̀nù wọ̀ ọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ yìí ti lọ. Bí gìtá ṣe ń pariwo sí i ni ìlù tí ń sọ̀rọ̀ náà ń wọlé. Nígbà tí gìtá kò ní iná, gángan ì bá bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí iná wọ gìtá, àyè wá fún ìlù láti dún kíkan láìpa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Iná mànàmáná tí àwọn kan rò pé yóò lé ìlù jáde, òun gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Sunny Adé pẹ̀lú fi tirẹ̀ kún un. Ó mú gìtá kan wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń gbé ka orí ẹsẹ̀ bí tábìlì, tí ẹni tó ń ta á ń fi irin yọ́ lórí okùn. Àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orin wọn fi í mọ́ra jùlọ. Démọ́lá Adépọ̀jù ni ó ń ta á nínú African Beats. Ẹ lè bi mí pé kí ni olórin Yorùbá ń fi gìtá darandaran òyìnbó ṣe. Ìdáhùn wà nínú ohun tí a ti sọ ṣáájú: gìtá yìí ń yọ́ láti ohùn kan sí òmíràn láìdúró, gẹ́gẹ́ bí gángan. Àjèjì ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jọ tiwa.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí ọdún 1982 dé. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ní oṣù karùn-ún, Bob Marley ti Jàmáíkà kú. Ilé-iṣẹ́ àwo Island, tí Chris Blackwell dá sílẹ̀, ni ó ti ń gbé àwo Marley jáde, ó sì ń wá olórin mìíràn láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí ayé yóò tẹ́tí sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Martin Meissonnier, tó fẹ́ràn orin wa, ni ó so Sunny Adé pọ̀ mọ́ wọn. Àwo náà ni wọ́n pè ní Juju Music. Orin méje ni ó wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti wà létí àwọn ará ilé tẹ́lẹ̀. Jà Fún Mi ni wọ́n fi ṣíwájú.

Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba etí òkun láti Èkó lọ sí Lomé, Àgbádárìgì ni yóò gbà kọjá, yóò kọjá Sẹ̀mẹ̀, yóò kọjá Kútọnu, kí ó tó dé ibẹ̀. Èdè Ewé tí wọ́n ń sọ ní Lomé àti èdè Ègùn tí wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì, ọmọ ìyá ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì jẹ́ èdè olóhùn gẹ́gẹ́ bíi Yorùbá. A lè wí pé kí orin náà tó lọ bá òyìnbó, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí etí rẹ̀ mọ ohùn ni ó kọ́kọ́ yà sí.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tún un tò. Ẹ ó rántí pé ní ilé wa, ojú kan àwo jùjú lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dúró, fún ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òde àríyá, ó lè di òwúrọ̀. Olórin á máa ki ọlọ́lá kan tẹ̀ lé òmíràn, owó á sì máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sí ẹni tí a ó kì, kò sì sí ẹni tí yóò lẹ owó. Wọ́n ṣe Jà Fún Mi ní bí ìṣẹ́jú méje. Wọ́n fi ẹ̀rọ mú kí ìró kan jìnnà kí òmíràn súnmọ́ ni, kí ohùn kan sì máa padà wá bí ẹni tó kígbe láàárín àpáta, bí àwọn ará Jàmáíkà ti ń ṣe. Nínú àwọn àwo tí ẹgbẹ́ náà ṣe fún Island ni síntẹ́sáísà ti wá jókòó láàárín gìtá àti ìlù.

Ayé gbọ́ ọ. Ní 1983, Sunny Adé kó ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iye wọn súnmọ́ ogún ènìyàn, lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kan jó ìjó wa láti alẹ́ dé òru. Ní ọdún kan náà ni àwo kejì, Synchro System, jáde, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy. Ní 1984 ni ẹ̀kẹta, Aura, tẹ̀ lé e. Stevie Wonder pàápàá fọn dùùrù ẹnu nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i nínú àwo yìí, ó sì ku díẹ̀ kí àlejò máa pàṣẹ fún onílé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé oríta. Àwo náà kò tà tó bí ilé-iṣẹ́ ti retí, wọ́n sì pín gaari. Sunny Adé fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé òun kò gbà kí wọ́n máa yí orin òun padà títí yóò fi di orin Òyìnbó. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ olórin ń wá títí wọn fi ń dàgbà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, owó wà níbẹ̀, òkìkí wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lè dà bí ohun kékeré: dín ìlù kù díẹ̀, fi kún ẹ̀rọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé bí ohùn kan ṣoṣo bá yẹ̀, jà a di já. Bí a bá mú ohun tí ń sọ̀rọ̀ kúrò nínú orin, ohun tó kù lè dùn, àwọn èwe lè mi èjìká sí i, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò ní dìde.

Ó padà sílé, ó sì ń kọrin nìṣó. Ní 1998 ó gbé àwo kan tí ń jẹ́ Odù jáde, tó kún fún orin ìbílẹ̀ wa, wọ́n sì tún yàn án fún Grammy. Kò sì lé dùùrù oníná jáde nílé. Títí di òní, ẹgbẹ́ jùjú tí kò ní dùùrù oníná kò wọ́pọ̀. Àlejò náà ti di ará ilé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí a fi ìjókòó rẹ̀ sí.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n padà sí etí ọ̀sà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní òdìkejì omi níbi tí a jókòó sí ọjọ́ náà ni ilẹ̀ Gbẹ̀rẹ̀fú wà, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni òkun ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó àwọn ènìyàn wa wọ ọkọ̀ nígbà òwò ẹrú. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú ìlù, wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú aṣọ. Orí wọn nìkan ni wọ́n gbé lọ. Ní Brasil, títí di òní, àwọn tó ń tọ ẹ̀sìn tí wọ́n gbé lọ ṣì ń ṣe ètùtù kan tí wọ́n ń pè ní bori. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. “Bọ orí” ni. Wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ yìí kò bọ́ sọnù. Ní 1982, orin kan tí ń ké pe orí tún rékọjá òkun kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó dè é lọ́wọ́.

Nígbà tí a padà délé, ọmọ-ọmọ mi kò jẹ́ kí n sinmi. Ó wá ife gíláàsì mẹ́ta. Ó bu omi kún èkíní, ó bu omi dé ìdajì èkejì, ó sì dá díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bí ìyá yín bá gbà. Ẹ fi ṣíbí lù wọ́n pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Èyí tí omi kún ni ohùn rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ jù, nítorí omi kò jẹ́ kí gíláàsì gbọ̀n kíákíá. Èyí tí omi rẹ̀ kéré jù ni yóò ké jù. Bí ohùn wọn kò bá tíì ṣe rẹ́gí, ẹ bù díẹ̀ kún un, tàbí kí ẹ dà díẹ̀ nù.

Ó lu èyí tó kún, ó lu èyí tí omi rẹ̀ kéré, ó sì lu èyí tó dé ìdajì. Ó tún un lù. Ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, kò rí wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ ohunkóhun fún un. Ó gbé ohùn sókè láti ibẹ̀, ó ní, “Ta ni kó jà fún ọ? Ta ló nà ọ́?”

Ọmọ náà yí padà sí mi, ó rẹ́rìn-ín. Kò bi mí ní ìbéèrè mọ́.

Ó dìgbà kan ná.